Ọmọ Tí Ń Kọ́ Ìmọ̀ Àwùjọ Náà Yẹ fún Ìrànwọ́

Bí ọmọ kan ní Ìdó-Ọ̀ṣun bá rí ìwé ìgbaniwọlé gbà sí yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, kì í pẹ́ kí ìròyìn náà tó dé mọ́ṣáláṣí. Wọn a ṣe àdúà fún un, àwọn obìnrin a kí ìyá rẹ̀ kú oríire, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí iye tí owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹnjiníà tàbí iṣẹ́ amòfin, bákan náà ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mìíràn bá dé, tí ó ní ètò ọrọ̀-ajé, tàbí ìmọ̀ ìṣèlú, tàbí ìmọ̀ àwùjọ ni òun fẹ́ lọ kọ́, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Kí ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣe?" Ẹni tí ó béèrè kò ní inú burúkú, ó rò pé ọgbọ́n àgbà ni òun fi ń tọ́ ọmọ sọ́nà. Síbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni ó wà lọ́kàn àwọn tí ń pín owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, láti orí ẹgbẹ́ àdúgbò títí dé orí ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ẹ wo àwọn ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Àjọ PTDF, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1973, nítorí iṣẹ́ epo rọ̀bì àti afẹ́fẹ́ gáàsì ni ó ṣe ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí òkè òkun. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Agbami, tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń wa epo nínú òkun ń san, orúkọ rẹ̀ gan-an ti ṣàlàyé ara rẹ̀: ti àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn àti iṣẹ́ ẹnjiníà ni. Ilé-iṣẹ́ MTN dá ẹ̀bùn sílẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ó ya òmíràn sọ́tọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú wọn kò ríran, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà máa kọ́, ìyẹn sì yẹ fún ìyìn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ NLNG dá àmì-ẹ̀yẹ sílẹ̀ ní ọdún 2004, ọ̀nà méjì ni ó là: ọ̀kan fún sáyẹ́ǹsì, ọ̀kan fún lítíréṣọ̀. Àmì-ẹ̀yẹ lítíréṣọ̀ náà gòkè títí ó fi di ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún dọ́là. Ẹni tí ó bá lo ogún ọdún láti wádìí ìdí tí òṣì fi ń jogún òṣì ní àárín àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì lójú wọn, kì í sì í ṣe akéwì. Kò sí àga tí wọ́n tẹ́ fún un.

Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀ nínú gbogbo wọn. Ẹni tí ó ni owó ni ó mọ ibi tí òun fẹ́ ná an sí, ilé-iṣẹ́ epo kò sì jẹ onímọ̀ ìṣèlú ní gbèsè. Ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́wàá bá ń bomi rin oko, tí olúkúlùkù sì ń da omi tirẹ̀ sí ebè kan ṣoṣo, ebè yòókù yóò gbẹ, kò sì ní sí ẹni tí wọn yóò bá wí. Nítorí náà, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí, àwọn ẹbí ọlọ́rọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ rántí bàbá wọn tí ó ti kú, kò gbọdọ̀ máa wo àwòkọ́ṣe ilé-iṣẹ́ epo. Àwọn ni wọ́n lè bomi sí ibi tí omi kò dé.

Òótọ́ ni pé ètò owó yíyá ti ìjọba àpapọ̀ ti dé. Òfin rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023, wọ́n sì tún un ṣe ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Àjọ NELFUND tí ń pín owó náà kì í béèrè ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́. Ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà fún yunifásítì, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá bẹ̀bẹ̀ fún un ní ogún ẹgbẹ̀rún náírà lóṣooṣù fún oúnjẹ. Kò sí èlé lórí rẹ̀, èyí sì mú ọkàn ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí balẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè kì í ṣe ẹ̀bùn. Àńnábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, a máa tọrọ ìṣọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kúrò lábẹ́ ẹrù gbèsè. Ọmọ tálákà tí ó bá ya owó náà fún ọdún mẹ́rin ti di onígbèsè kí ó tó mọ̀ bóyá iṣẹ́ wà níwájú tàbí kò sí. Ẹ jẹ́ kí ó yá a bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n kí àwọn tí wọ́n lè fún un má fi èyí ṣe àwáwí láti ká ọwọ́ wọn kò.

Àwọn ẹ̀bùn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ gan-an fún irú ìmọ̀ yìí wà, òkè àjà ni wọ́n wà. Àjọ CODESRIA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dakar ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà ní ọdún 1973, a máa ran àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ àwùjọ káàkiri Áfíríkà lọ́wọ́ láti parí ìwé ìwádìí wọn. Láti ọdún 2011 ni àjọ SSRC ti Amẹ́ríkà náà ti gbé irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń wá oyè ọ̀mọ̀wé ní Nàìjíríà, Gánà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ tán ni àwọn wọ̀nyí wà fún. Ọmọ tí owó ìwọlé lé kúrò ní kíláàsì ní ọdún kìíní kò lè dé ẹsẹ̀ àkàbà náà.

Ìdáhùn sí ìbéèrè pé kí ni wọ́n ń fi ìmọ̀ náà ṣe kò jìnnà sí Ìdó-Ọ̀ṣun. Orí ilẹ̀ ìlú náà ni pápá ọkọ̀ òfurufú wà láti ayé ìjọba òyìnbó, òun sì ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dáwọ́ lé láti sọ di ńlá, tí wọ́n fi orúkọ Olóògbé M. K. O. Abíọ́lá pè é. Ẹnjiníà ni yóò wọn ọ̀nà tí bàálù yóò sáré lé. Ta ni yóò ṣírò ohun tí àgbẹ̀ pàdánù bí oko rẹ̀ bá bọ́ sínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe iye igi nìkan, bí kò ṣe iye ọdún tí igi náà ì bá fi bọ́ ìdílé? Bí wọ́n bá dí ọ̀nà oko, ta ni yóò sọ bí ó ṣe kan ọjà àwọn obìnrin? Ta ni yóò sì ní ìgboyà láti béèrè, pẹ̀lú ìṣirò lọ́wọ́, bóyá èrò tí yóò wọ bàálù pọ̀ tó owó tí wọ́n ń ná? Iṣẹ́ àwọn tí wọ́n kọ́ ètò ọrọ̀-ajé, ìmọ̀ àwùjọ àti jọ́gíráfì ni. Ìlú tí kò bá ní irú wọn, ohun tí àwọn aláṣẹ bá kọ síwájú rẹ̀ ni yóò tẹ ọwọ́ sí.

Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, ọdún 2006 ni. Èyí tí wọ́n pinnu fún ọdún 2023, wọ́n sún un síwájú láìdá ọjọ́. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún ìkànìyàn náà ti tó wọ yunifásítì. Iye ilé-ìwé, iye kànga, iye ilé ìwòsàn tí Ẹgbẹ́dọ̀rẹ̀ nílò, orí àfojúdíwọ̀n ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ní Ilé-Ifẹ̀ tí kò jìnnà, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀ka kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ iye ènìyàn àti ìṣirò àwùjọ. Mélòó nínú àwọn ọmọ tí ń bẹ níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ kan tilẹ̀ béèrè orúkọ wọn rí?

Ọ̀rọ̀ sàká pàápàá wọ inú rẹ̀. Àlùkùránì ti ka irú ẹni mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, àwọn aláìní àti àwọn tálákà ni ó sì ṣíwájú. Ní ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí, ẹni tí ó bá wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ni ó ń rí i gbà. Opó tí ojú ń tì, tí kò jáde, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó wà. Ọmọ tí ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn láti ojúlé dé ojúlé, tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ láìdójúti ẹni, tí ó sì lè kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀ létòlétò, lè fi oṣù kan ṣe fún ìgbìmọ̀ sàká ohun tí wọn kò lè ṣe láti ọdún mẹ́wàá.

Àwọn ààfáà kan wà tí wọ́n ní ìmọ̀ òyìnbó tí ń ba ìgbàgbọ́ jẹ́ ni ìmọ̀ àwùjọ. Kí àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ rántí Ibn Khaldun. Tunis ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1332. Adájọ́ ni, onímọ̀ òfin Maliki ni, kò sì sí ààfáà tí yóò pè é ní òyìnbó. Òun ni ó jókòó láti wádìí bí àwọn ènìyàn ṣe ń kóra jọ di ìlú, bí ìjọba ṣe ń lágbára tí ó sì ń wó, bí owó orí tí ó bá ti pọ̀ jù ṣe ń dín ohun tí ń wọ àpò ìjọba kù. Ó fún ìmọ̀ náà ní orúkọ, ó sì sọ pé ó dá dúró lọ́tọ̀ sí àwọn ìmọ̀ yòókù. Ìwé tí ó fi ṣe é, Muqaddimah, ó parí rẹ̀ ní ọdún 1377, ó lé ní irinwó ọdún kí àwọn ará Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú rẹ̀ yangàn.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí ni bí ó ṣe rí àyè kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ti sú u, àwọn ọba ń lé e kiri. Ẹ̀yà Lárúbáwá kan, àwọn Awlad Arif, ni wọ́n gbà á sílé pẹ̀lú ìdílé rẹ̀ ní odi Ibn Salama, ní ilẹ̀ tí ó di Àlùjíríà lónìí, ó sì lo ọdún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀ ní ààbò àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Darandaran ni àwọn ènìyàn náà. Bóyá wọn kò tilẹ̀ mọ ohun tí àlejò wọn ń kọ. Kí ni ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ bí ìyẹn kò bá jẹ́ ẹ̀bùn ẹ̀kọ́?

Ẹlẹ́ẹ̀kejì tí ó yẹ kí àwọn aṣàánú mọ ìtàn rẹ̀ ni Arthur Lewis, ọmọ aláwọ̀ dúdú láti erékùṣù kékeré kan tí ń jẹ́ Saint Lucia. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje. Ó jẹ akọ̀wé ìjọba fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba láti lọ sí yunifásítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnjiníà ni ó wù ú. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìjọba òyìnbó àti àwọn ilé-iṣẹ́ aláwọ̀ funfun kì yóò gba ẹnjiníà dúdú síṣẹ́. Nítorí náà ni ó ṣe yan ẹ̀kọ́ òwò, tí ó sì wọ London School of Economics ní ọdún 1933. Ìgbà tí ó débẹ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí ètò ọrọ̀-ajé jẹ́. Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní ọdún 1957, òun ni ó wá ṣe olùdámọ̀ràn fún Nkrumah. Ní ọdún 1979, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀-ajé, nítorí iṣẹ́ tí ó ṣe lórí bí àwọn ilẹ̀ tálákà ṣe lè dìde. Bí àwọn tí ń pín ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Saint Lucia bá ti sọ pé "oníṣègùn àti ẹnjiníà nìkan" ni, akọ̀wé ni ì bá jẹ́ títí.

Nílé níbí, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ọkọ̀ òfurufú Ìdó-Ọ̀ṣun, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ó gbà lọ sí Yunifásítì Glasgow láti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó. Ẹnìkan lè jiyàn pé ìṣirò owó kì í ṣe ìmọ̀ àwùjọ gan-an. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2006 pín ọgbà rẹ̀ sí ìlú mẹ́fà, ọgbà Òkukù ni wọ́n kó ìmọ̀ ìṣàkóso àti ìmọ̀ àwùjọ sí pọ̀, ọmọ ìyá sì ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Yunifásítì Fountain tí ẹgbẹ́ NASFAT dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 2007. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pàápàá, tí ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ òwò ni. Ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ni ó fi kọ́ ọ, ó sì gba oyè náà ní ọdún 1944.

Ẹ̀bùn ìdánilọ́lá tí wọ́n ń fún ọmọ tí ó bá ṣe dáadáa jù lọ ní ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, owó ni wọ́n kó sí báńkì nígbà tí náírà ṣì níyì, pé èlé rẹ̀ ni wọn yóò máa fún ọmọ. Yàtọ̀ sí pé èlé kò tọ́, owó náà ti jẹra. Ní ọdún 1980, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ní ọdún 2024, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà kí ó tó ra dọ́là kan. Ẹni tí ó fi ẹgbẹ̀rún náírà kan sílẹ̀ nígbà náà, dúkìá gidi ni ó fi sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá fi orúkọ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ pè jáde lónìí lè bọ olùkọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n ya fọ́tò, kí owó náà má sì tó gbé e délé láti Ifẹ̀.

Wákáfù ni àtúnṣe rẹ̀. Nígbà tí Umar rí ilẹ̀ gbà ní Khaybar, ìmọ̀ràn tí Àńnábì fún un ni kí ó dá ilẹ̀ náà dúró, kí èso rẹ̀ sì máa jẹ́ sàráà. Orí irú ìpìlẹ̀ yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ Nizamiyya tí wọ́n ṣí ní Bagdad ní ọdún 1067 fi ń bọ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tí ó le nínú rẹ̀ fún Ìdó-Ọ̀ṣun. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ní ojú ọ̀nà Òṣogbo sí Ẹdẹ, tàbí ilé kan tí wọ́n fi rẹ́ǹtì fún àwọn òṣìṣẹ́ Abẹ́rẹ́, bí wọ́n bá kọ ìwé rẹ̀ dáadáa, tí ọmọ olóògbé kò sì lè tà á, owó ilé yóò máa gòkè bí ọjà bá ń gòkè. Kí ìwé ìṣirò rẹ̀ wà ní gbangba lọ́dọọdún. (Ọmọ tí ń kọ́ ìṣirò owó ní Òkukù lè yẹ̀ ẹ́ wò fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.) Èyí sàn ju kí ẹgbẹ́ máa gba owó ìdáwó lọ́dọọdún, kí wọ́n ná ìdajì rẹ̀ sórí kánópì, ìrẹsì àti gbohùngbohùn ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fún ọmọ méjì ní sọ̀wédowó. Ọmọ tálákà tí wọ́n bá mú gun orí pèpéle bí ẹran iléyá, tí wọ́n ní kí ó kúnlẹ̀ fún ẹ̀rọ ayàwòrán, wọ́n ti gba iyì rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní owó.

Ní ti ẹni tí yóò gbà á, bí ẹgbẹ́ bá ń ran ọmọ mẹ́rin lọ́wọ́, kí ọ̀kan ó kéré tán jẹ́ ẹni tí ń kọ́ ìmọ̀ àwùjọ tàbí ètò ọrọ̀-ajé. Kí wọ́n má ṣe dúró de ẹni tí ó gba máàkì tí ó ga jù lọ nìkan. Ọmọ tí ń ta bùrẹ́dì ní òwúrọ̀ kí ó tó lọ sí kíláàsì kò lè bá ọmọ olówó dọ́gba nínú ìdánwò, síbẹ̀ ó lè jẹ́ òun ni ó mọ ìtumọ̀ ohun tí ìwé ń pè ní òṣì. Kí wọ́n má sì ṣe béèrè ilé baba ẹni tí ó ti wá. Ọmọ Nupe tàbí ọmọ Íbìrà tí wọ́n bí sí Ìdó-Ọ̀ṣun, tí ó kírun ní mọ́ṣáláṣí rẹ̀, tí ó sì lọ sí ilé-ìwé rẹ̀, ọmọ ìlú ni nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọdún tí owó ń wọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àwùjọ jù lọ ni ọdún ìkẹyìn, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ti gbàgbé rẹ̀. Ìgbà náà ni yóò tẹ ìwé ìbéèrè ní ọgọ́rùn-ún méjì ẹ̀dà, tí yóò wọ ọkọ̀ láti abúlé dé abúlé, tí yóò san owó ìtẹ̀wé àti ìdìpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń jókòó sí yàrá, tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáhùn ìwé ìbéèrè, nítorí kò ní owó ọkọ̀. Kì í ṣe olè ọmọ, ebi ni. Iṣẹ́ tí ó bá sì ti inú irọ́ jáde kò lè ran ìlú kankan lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tí kò lè san owó ọdún mẹ́rin lè san owó ìwádìí yìí nìkan, kí ó sì bẹ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó wádìí ohun tí ó kan ìlú: ibi tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń kúrò ní Ìdó-Ọ̀ṣun ń lọ, bí àwọn opó ṣe ń jẹun, iye ọmọ tí wọ́n fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ọdún tí oúnjẹ wọ́n. Nígbà tí ó bá parí, kí ẹ̀dà kan wà ní mọ́ṣáláṣí, kí ẹ̀dà kan wà ní ààfin Olójùdó, kí wọ́n sì pe ọmọ náà ní ọjọ́ Àìkú kan kí ó wá fi èdè Yorùbá ka ohun tí ó rí sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí ó lọ bi léèrè.